Lẹ́tà Yunifásítì Ńlá Kì í Ṣe Ìwé Ìgbàwọlé

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́tà àwọn yunifásítì ńláńlá a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé ilé àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ọdún àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Bébà rẹ̀ a nípọn, orúkọ ọmọ a hàn lórí rẹ̀ ketekete, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a sì dùn bí oyin. Nínú ilé àwọn Yorùbá tí ó wà ní Houston tàbí Maryland, lẹ́tà kan ṣoṣo láti Harvard lè mú kí ìyá fi tẹlifóònù jí àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Kàdúná lóru, kí ó máa ròyìn pé ọmọ òun ti wọlé. Ọmọ kò tíì wọlé o. Kò tilẹ̀ tíì gba fọ́ọ̀mù.

Ibi tí yunifásítì ti rí orúkọ rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí ọmọ ń ṣe ìdánwò SAT, wọ́n bi í bí ó bá fẹ́ kí àwọn yunifásítì mọ òun, ó sì fi àmì sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. College Board, àjọ tí ó ni ìdánwò náà, a sì gba owó lọ́wọ́ yunifásítì tí ó bá fẹ́ orúkọ. Ní 2019, séńtì 47 péré ni orúkọ kan. Yunifásítì yóò sọ iye máàkì àti agbègbè tí ó ń wá, wọn yóò sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ fún un. Ọmọ tí ó ṣe SAT ní Èkó tàbí Àbújá náà lè rí irú ìpè bẹ́ẹ̀ gbà lórí kọ̀ǹpútà.

Ní 2018, nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ Harvard ní kóòtù Boston, ó hàn gbangba pé ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó gba 1100 ní PSAT lè rí lẹ́tà gbà, nígbà tí ọkùnrin tí ìran rẹ̀ wá láti Éṣíà gbọ́dọ̀ gba 1380. Bẹ́ẹ̀ ni máàkì SAT ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí Harvard ń gbà wọlé kì í dín ní 1500 nínú 1600. Lẹ́tà kò sọ èyí fún ọmọ. Àwọn yunifásítì ní àwọn ń wá olóye ọmọ tí kò mọ̀ pé òun lè dé irú ibẹ̀ ni. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń kọ fọ́ọ̀mù bá ṣe ń pọ̀ tó ni ẹnu ọ̀nà ń há tó, tí òkìkí yunifásítì sì ń kàn. Ní 2021, ènìyàn 57,435 ni ó kọ fọ́ọ̀mù Harvard. 1,968 ni wọ́n gbà.

Lẹ́tà tí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni ó ń dé, kí òpin oṣù kẹta tí wọ́n ń kéde orúkọ tó pé, yóò sì sọ pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí wọ́n gbà á. Àwọn eléré ìdárayá ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń rí i.

Owó fọ́ọ̀mù yunifásítì kan lè tó dọ́là 80 tàbí 90. Nítorí náà, kí òbí tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ka lẹ́tà ìpolówó náà dé ìsàlẹ̀ kí ó tó jù ú nù: àwọn yunifásítì kan a máa yọ̀ǹda kí ọmọ kọ fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí.