Iye Ojú Owó àti Iye Wúrà

Ní 2005, tí ó pé igba ọdún tí a bí Hans Christian Andersen, ìjọba Denmark rọ owó tí ó ní àwòrán ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò lẹ́wà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nínú àlọ́ rẹ̀. A rọ ti wúrà, ti fàdákà àti ti àdàlú bàbà. Kroner 10 ni a kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ti wúrà níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ‘iye owó náà’ lásán yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà. A dábàá ‘iye ojú owó’ fún ohun tí a kọ sí i, àti ‘iye wúrà’ fún ohun tí wúrà inú rẹ̀ ń pa lọ́jà. ‘Owó onírin’ kò bá a mu rárá: wúrà kì í ṣe irin.