Sorbet Máńgòrò: Jíjẹ Nílé Yàtọ̀ sí Títà

Nígbà tí máńgòrò Mẹ́síkò bá pọ̀ lọ́jà, tí owó páálí rẹ̀ sì wálẹ̀, àsìkò sorbet nìyẹn: èso, ṣúgà àti omi tí a mú dì, láìsí mílíìkì rárá. Ẹni tí mílíìkì máa ń da inú rẹ̀ rú náà lè bá wa jẹ ẹ́.

Ẹ lọ máńgòrò gígé ife 4 pẹ̀lú ṣúgà ife 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kó wà nínú fíríìsà fún bíi wákàtí 3 sí 4. Kí ẹ máa fi fọ́ọ̀kì rò ó ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ṣúgà kì í ṣe ti adùn nìkan o. Òun ni kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dì pátápátá. Bó bá kéré, òkúta lẹ óò bá nínú abọ́. Bó bá pọ̀ jù, kò ní dì. (Bí ẹ bá rí àgbálùmọ̀, ẹ fi ṣúgà kún un, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.)

Àwọn kan ti ń béèrè bóyá àwọn lè máa tà á láti ilé ìdáná àwọn. Ní Texas, òfin oúnjẹ àṣetà nílé bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ní September 1, 2025, wọ́n fẹ̀ ẹ́: ibi tó ti dúró ní $50,000 lọ́dún di $150,000. Owó tó wọlé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èrè. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà yọ omi dídì àti ohun tí a fi ṣe sílẹ̀: áísìkírímù, popsicle, gelato. A kò rí ọ̀nà tí sorbet máa gbà bọ́ nínú ìyẹn. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìbátan yín ló sanwó, títà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó háyà ilé ìdáná tó ní ìwé àṣẹ. Ká ní wákàtí kan jẹ́ $25, ẹ lo wákàtí 4, ẹ sì rí ife 80: $1.25 ti wọ orí ife kọ̀ọ̀kan kí a tó ka máńgòrò, ike àti epo mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dá iye lé e.

Ní ti chin-chin àti jáàmù máńgòrò, òfin gbà wọ́n láti ilé, bí ẹ bá ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ food handler, tí ẹ sì lẹ àkọlé mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ ná owó wa sí.