Ọjọ́ Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Wò ní Kpogan

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ: bẹ́ẹ̀ làwa Yorùbá ń wí. Ní Kpogan, létí òkun níhà ìlà-oòrùn Lomé ní Tógò, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ sára aṣọ ọmọ tuntun, ọjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí wọ́n bá bí ọkùnrin lọ́jọ́ Ajé, Kodjo dé. Bó bá ṣe obìnrin, Adjoa ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ni Komla àti Abla, Ọjọ́rú ló ni Kokou àti Akou, Ọjọ́bọ̀ ló ni Yao àti Yawa. Koffi àti Afi ni ti Ẹtì, Komi àti Ama ni ti Àbámẹ́ta, Kossi àti Akossiwa ni ti Àìkú. Bí Koffi bá di méjì nínú ilé kan, ẹ̀gbọ́n a di Koffigan, àbúrò a di Koffivi.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí èmi náà. Bàbá mi wà lára àwọn Yorùbá tó kúrò ní Ghana nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ. Lomé ló dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá mi ń fi kì mí nínú ilé, ṣùgbọ́n Yawa ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹnikẹ́ni ò bi bàbá mi léèrè kí wọ́n tó máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ti sọ mí lórúkọ ná.

Orúkọ ọjọ́ wọ̀nyí ti rìn jìnnà. Àwọn Akan ilẹ̀ Ghana ń jẹ́ Kwadwo àti Kofi, àwọn Ewe àti Mina ti ọ̀dọ̀ wa náà sì ń jẹ́ Kodjo àti Koffi. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn ará Elmina àti Accra wá tẹ̀dó sí Aného ní etíkun Tógò, wọ́n sì kó orúkọ wọn dání. Ìdí nìyẹn tí ìbejì Mina fi ń jẹ́ Akouété àti Akouélé, bí ìbejì àwọn Ga ṣe ń jẹ́ ní Accra. Ọmọkùnrin kẹta ni Mensah, ẹ̀kẹrin ni Anani. Ẹ wo Kofi Atta Annan, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 sí 2006. Kofi, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kẹrin ọdún 1938, ni wọ́n bí i. Atta, nítorí pé ìbejì ni. Annan tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ sì bá Anani ti ọ̀dọ̀ wa tan.

Àwọn orúkọ kan wà tí àlejò ń gbọ́ tó ń ya ẹnu. Adukpo jẹ́ ọ̀kan. Ààtàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Ewe. Ìyá tó ti sin ọmọ léraléra ló ń sọ èyí tó tún bí ní ààtàn, kí ikú lè rí i bí ohun tí kò wúlò, kó sì fi í sílẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀? Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòkúmọ́, wọn kò jìnnà sí i. Kòsọ́kọ́ tó jọba ní Èkó láti 1845 sí 1851, orúkọ àbíkú ló jẹ́ dórí oyè: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ mọ́. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aláboyún ṣe ń dín ikú ọmọdé kù, bẹ́ẹ̀ ni irú orúkọ yìí ń ṣọ̀wọ́n. Inú mi dùn pé a kò nílò wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń jẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ìfẹ́ ìyá ló bí i.

Ìjọba náà ti tọwọ́ bọ orúkọ rí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1974, ọkọ̀ òfúrufú Eyadéma, Ààrẹ Tógò, já ní Sarakawa, ó sì yè é. Ọdún yẹn kan náà ló bọ́ Étienne sílẹ̀, tó di Gnassingbé Eyadéma. Bí Mobutu ti ṣe ní Zaire ní 1972, òun náà ní kí ará ìlú fi orúkọ ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ kí wọ́n sì mú ti Áfíríkà. Orúkọ ìlú pàápàá yí padà: Anécho padà di Aného, Palimé di Kpalimé. Edem Kodjo, tó di Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà (OAU) ní 1978, Édouard ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Edem, “ó gbà mí là”, ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé, 23 oṣù karùn-ún ọdún 1938, ni wọ́n bí i ní Sokodé, Kodjovi sì ti wà nínú orúkọ rẹ̀ látìgbà náà. Àṣẹ lè yọ Édouard kúrò. Ta ló fẹ́ yọ ọjọ́ Ajé?

Lónìí, àwọn orúkọ Faransé ti padà, ti eré bọ́ọ̀lù àti ti fíìmù sì ti dé. Èyí tí mo ń kọ jù ni orúkọ ìdúpẹ́: Mawuli, Ọlọ́run ń bẹ, Mawuena, Ọlọ́run ló fúnni, Elom, ó fẹ́ràn mi, Akpene, ọpẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nílé wa, níbi tí ọ̀pọ̀ Fábùnmi ti di Olúbùnmi. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi náà ń rí i bí orúkọ wa ṣe ń yí padà lórí ìwé: agbábọ́ọ̀lù Tógò tí wọ́n bí ní Lomé ní 1984 ń jẹ́ Sheyi Emmanuel Adebayor. Ṣèyí Adébáyọ̀ ni ẹ̀ ń wò yẹn.

N kì í bá òbí jà nítorí orúkọ tuntun. Koffi pàápàá, àlejò ni nígbà kan ní etíkun yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n kí n tó fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ: “Bí ọmọ yìí bá béèrè ìdí tí ẹ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa wí fún un?” Àwọn kan ń dáhùn kíá. Àwọn mìíràn ń lọ bi ìyá àgbà, wọ́n á sì padà wá pẹ̀lú orúkọ kan tí ó wà nínú ìdílé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ bímọ sí ìlú onílùú, ẹ má bẹ̀rù orúkọ tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá fún ọmọ yín. Ẹ gbà á, kí ẹ fi ti ilé yín ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí méjèèjì sílẹ̀ sínú ìwé kan fún un. Orúkọ tí ọmọ bá mọ ìtàn rẹ̀, kò sí ìjọba tàbí àṣà òde tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.