Nígbà tí ìpín kò lópin

Bí ẹni mẹ́jọ bá pín 1000 F lọ́jà Takon, 125 F ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta ńkọ́? 333 F, ó ku 1. Ẹ pín 1 yẹn náà: 0,333… Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 1 kan náà ló tún ń ṣẹ́kù, ìdí nìyẹn tí 3 fi ń padà wá láìdúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa kọ 0,33, wọn a ní ó tán. Kò tán.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Mẹ́wàá la fi ń kọ òǹkà, 2 lọ́nà 5 ló sì di mẹ́wàá. Ìdá tí a ti dín kù tán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní ju 2 àti 5 nínú, yóò parí: 3/8 jẹ́ 0,375. Bí 3 tàbí 7 bá wà níbẹ̀, kò ní parí láé. (Kíkà ogún-ogún àwọn baba wa kò lè gbà wá níbí: ogún náà kò ní 3 nínú.)

Owó wa gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Euro kan jẹ́ 655,957 F CFA: òǹkà mẹ́ta péré lẹ́yìn virgule, ó parí. Ẹ yí i padà: 1 F jẹ́ euro 0,00152449…, kò lópin, torí pé 655957 la fi ń pín, 2 tàbí 5 kò sì lè pín in dọ́gba. Ẹni tó bá gé e sí 0,0015 láti yí mílíọ̀nù kan F padà yóò rí euro 1500, bẹ́ẹ̀ 1524,49 ló tọ́ sí i. Ó ti pàdánù ohun tó lé ní 16 000 F.