Ta Ni Ó Mọ Fọ́tò Yà Jù?

Níbi ìsìnkú àgbà obìnrin kan ní àdúgbò wa, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí a kò lè ṣàìmú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ẹbí òkú ti ránṣẹ́ pe onífọ́tò tí wọn yóò sanwó fún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ, akọ̀wé báńkì, tí kámẹ́rà tirẹ̀ wọ́n ju ti oníṣẹ́ náà lọ, ni ó bínú pé: "Ẹ̀yin bàbá, kí ni ẹ ń fi owó ṣòfò sí? Èmi yóò yà á lọ́fẹ̀ẹ́." Àwọn àgbà pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì bi wá léèrè èrò wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ti oníṣẹ́ yẹ̀ wò. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kì í ṣe kámẹ́rà ni a ń sanwó fún, bí kò ṣe gbogbo àṣìṣe tí onífọ́tò ti ṣe rí tí kò ní í tún ṣe mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbé pósí sínú ilẹ̀. Oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ wí pé òjò ni, tàbí pé bátìrì òun tán. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbé kámẹ́rà méjì dání. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí ènìyàn dúdú bá wọ léèsì funfun nínú oòrùn ọ̀sán, funfun náà ni yóò tan kámẹ́rà jẹ, ojú ẹni náà yóò sì ṣú bí ìdí ìkòkò. Nítorí náà ni ó fi ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ìbòòji kí ó tó yà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ń yà á fún ìfẹ́ ní ohun tí owó kò lè rà, èyíinì ni àyè. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Vivian Maier ń ṣe iṣẹ́ ọmọ títọ́jú nílé onílé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa ya àwọn ará ìgboro, fọ́tò náà sì ju 100,000 lọ. Ní 2007 ni a ta àwọn àpótí rẹ̀ ní gbàǹjo; ó kú ní 2009, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Àwa fúnra wa ní ẹ̀rí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá wa lọ ya fọ́tò nílé oníṣẹ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jókòó gbọnin, ọwọ́ lé orúnkún, bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí olùkọ́ kan tí ó yá ilé gbé lọ́dọ̀ wa yà, níbi tí ìyá wa ti ń wọn gàrí fún oníbàárà. Gèlè rẹ̀ gé lókè, ọwọ́ rẹ̀ kan kò hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí nìkan ni a lè fi han àwọn ọmọ wa pé, "Bí ìyá-ńlá yín ti rí nìyí."

Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere da méjèèjì pọ̀. Ó ra kámẹ́rà kékeré kan ní 1950, aládùúgbò rẹ̀ kan sì kọ́ ọ bí a ti ń lò ó. Ní 1954 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Oníṣẹ́ ni títí ó fi kú ní 2014. Síbẹ̀ ohun tí aráyé fi mọ̀ ọ́n jù ni irun dídì àwọn obìnrin wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ní 1968, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e fún oníṣẹ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, tí a rò pé kò ní í tán, ti olùfẹ́ ni, nítorí kò sí ẹni tí yóò pe oníṣẹ́ wá sí ìdí gàrí. Kí akọ̀wé báńkì wa má bínú. Kí ó dúró ti onífọ́tò náà níbi òkú, kí ó fi ojú kọ́ṣẹ́. Bí ó bá sì délé, kí ó ya ìyá tirẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè, kí ìyá náà tó sáré lọ wé gèlè.