Iná Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn: Bí Àwọn Bininj Ṣe Ń Gba Igbó Wọn Lọ́wọ́ Iná ní Àríwá Ọsirélíà

Ní ìwọ̀-oòrùn Arnhem Land, ní ìpẹ̀kun àríwá orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, òkè olókùúta gbalasa kan wà tí pápá àti igi tó jìnnà síra wọn bò, tí igbó kìjikìji sì fara pamọ́ sínú àwọn àfonífojì rẹ̀. Bininj ni àwọn tó ni ilẹ̀ náà ń pe ara wọn, wọ́n sì wà lára àwọn Aboriginal, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé Ọsirélíà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Yúróòpù tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Iná ni wọ́n fi ń gba igbó wọn lọ́wọ́ iná: wọ́n ń dá a sí pápá nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, kí iná ńlá má baà rí ohun jẹ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le.

Àkókò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Èdè Kunwinjku tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pín ọdún sí ìgbà mẹ́fà, Yekke sì ni ìgbà òtútù tó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ti dá ṣùgbọ́n tí ìrì ṣì ń sẹ̀ lóru, tí koríko gbẹ níbì kan tó sì tutù níbòmíràn. Iná tí wọ́n bá dá ní Yekke máa ń rá nílẹ̀, ìrì òru sì sábà máa ń pa á kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ojú ilẹ̀ yóò fi rí bí aṣọ alábùlẹ̀, tí ibì kan jó, tí ibì kan kò jó, tí ẹranko sì rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kejìlá, yálà mànàmáná ló dá a tàbí ènìyàn, kò sí ìrì tí yóò pa á mọ́. Ó lè jó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ooru rẹ̀ máa wi ewé orí igi, àyàfi bí ó bá kan ibi tí iná Yekke ti jó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iná pápá ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé iná tó jó kí ọyẹ́ tó mú kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó jó lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Igi tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń pa lára jùlọ ní Arnhem Land ni anbinik, igi ńlá abòòji tí kò sí níbòmíràn láyé ju agbègbè òkè náà lọ, nítorí bí iná bá ń jẹ etí igbó rẹ̀ léraléra, igbó náà yóò máa sún sẹ́yìn.

Òkè náà kò ṣàdédé di ẹran iná. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn Bininj ń ṣí kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibùdó àwọn míṣọ́nnárì, ibi ìwakùsà, àgọ́ àwọn tó ń pa ẹfọ̀n nítorí awọ, àti ìlú bíi Gunbalanya àti Maningrida, títí òkè náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro. Àwọn ẹbí tó máa ń dá iná kéékèèké bí wọ́n ṣe ń rin ilẹ̀ wọn kò sí mọ́, koríko sì ń ga láìsí ẹni tó ń dín in kù. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú igbó gbà nígbà kan rí pé ilẹ̀ tí ènìyàn bá ti kúrò lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lálàáfíà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Arnhem Land fi hàn pé èrò náà kùnà pátápátá níbẹ̀.

Bardayal Nadjamerrek ló ṣíwájú ìpadàbọ̀. Àgbà yìí, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1926, jẹ́ ayàwòrán olókìkí, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà láti kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ó kó ẹbí rẹ̀ padà lọ sí Kabulwarnamyo lórí òkè náà, níbi tí òun àti àwọn àgbà mìíràn ti bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbìmọ̀ bí iná àtijọ́ ṣe lè padà sórí ilẹ̀. Ó kú ní 2009, ọdún kan náà tí ìjọba fọwọ́ sí i pé kí ilẹ̀ Warddeken, tí Kabulwarnamyo wà nínú rẹ̀, di agbègbè ààbò tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń bójú tó.

Ibi tí owó ti wá yẹ fún àlàyé. Ní 2006, lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WALFA, ConocoPhillips, tó ń ṣe gáàsì olómi ní ìlú Darwin nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là Ọsirélíà lọ́dọọdún, nínú àdéhùn ọdún 17, kí àwọn Bininj àti aládùúgbò wọn lè dín gáàsì tó ń mú ayé gbóná tí iná ń tú jáde kù ní ìwọ̀n tó bá 100,000 tọ́ọ̀nù carbon dioxide dọ́gba lọ́dún, ó kéré tán. Ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà kárí tó 28,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọn kì í ka carbon dioxide tó ń jáde lára koríko tó jó, nítorí koríko tuntun yóò fà á padà nígbà òjò. Methane àti nitrous oxide ni wọ́n ń kà. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, agbára methane láti mú ayé gbóná tó bí ìlọ́po 28 ti carbon dioxide, ti nitrous oxide sì lé ní ìlọ́po 260. Níwọ̀n bí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń jó koríko àti igi ju iná Yekke lọ, ohun tí iná Yekke bá dènà rẹ̀ ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé tà. Òfin tí Ọsirélíà ṣe ní 2011 ṣí ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ mìíràn ní àríwá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe owó náà ní ìtọrẹ àánú, nítorí owó iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tó sì le ni.

Nínú iṣẹ́ náà, hẹlikọ́pítà máa ń ju àwọn ìṣù kéékèèké tó ń gbiná sí ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé, sátẹ́láìtì sì ń fi ibi tí iná wà hàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn àgbà ni wọ́n fi ń pinnu ibi tí iná gbọ́dọ̀ yà fún, bí ibi mímọ́, igbó anbinik àti àwọn ihò àpáta tí àwòrán àwọn baba ńlá wà.

Lẹ́yìn iná ńlá tó jó ní Ọsirélíà ní 2019 sí 2020, tó pa ènìyàn 33 tó sì jó ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 24 hẹ́kítà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gúúsù Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọgbọ́n yìí. Igbó gúúsù kì í ṣe pápá àríwá, nítorí náà kò ṣeé gbé lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Aboriginal tó ni igbó gúúsù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀. Ní Kabulwarnamyo ní tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kí àwọn òbí tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà má baà fi í sílẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn.