Bàbá Ló Ń Sàba: Ìgbé Ayé Ìdílé Láàárín Àwọn Dáínósọ̀ Ajẹran

Suchomimus jẹ́ dáínósọ̀ ajẹran tó gbé ilẹ̀ Niger ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 110 sẹ́yìn. Ibi tó gbé ti di aṣálẹ̀ Ténéré lónìí, ṣùgbọ́n odò ló ń ṣàn níbẹ̀ nígbà náà, igi sì hù sí bèbè rẹ̀. Ẹranko náà gùn tó nǹkan bíi mítà 11. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọ̀nì, eyín inú rẹ̀ lé ní 100, ẹja sì wà lára ohun tó ń fi wọ́n mú jẹ. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, tó tẹ̀ bíi dòjé, ni wọ́n kọ́kọ́ rí. David Varricchio ló rí i ní Gadoufaoua ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, nígbà tó bá ikọ̀ Paul Sereno láti Yunifásítì Chicago lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1998 ni wọ́n sọ ẹranko náà lórúkọ.

Egungun a máa sọ bí ẹran ṣe tóbi tó àti irú ohun tó jẹ, ṣùgbọ́n kì í tètè sọ bó ṣe ń tọ́mọ. Ìyẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ máa wo àwọn ìbátan dáínósọ̀ tó ṣẹ́kù láyé, ìyẹn ọ̀nì àti ẹyẹ. Pẹ̀lú gbogbo bí ẹnu Suchomimus ṣe jọ ti ọ̀nì, adìyẹ tó ń tanlẹ̀ nínú àgbàlá ní Mushin ló bá a tan jù, nítorí láti inú ẹ̀yà àwọn dáínósọ̀ ajẹran ni gbogbo ẹyẹ ti ṣẹ̀ wá.

Abo ọ̀nì a máa gbẹ́ ihò sí etí odò, á yé ẹyin sínú rẹ̀, á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ooru ilẹ̀ ló ń mú ẹyin náà pa. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kò ní jìnnà síbẹ̀. Bó bá gbọ́ igbe àwọn ọmọ nínú ẹyin, á hú ilẹ̀, á sì fi ẹnu kó wọn lọ sínú omi. Eyín tó ń fọ́ egungun ẹran kò ní ha wọ́n lára. Á máa ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ dọwọ́ oníkálukú. Ti àwòdì tó ń rà bàbà lókè Surulere àti Yaba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀: akọ àti abo ló jọ ń kọ́ ìtẹ́, abo ló ń sàba jù, akọ á sì máa gbé ẹran wá. Níwọ̀n bí ìdílé méjèèjì ti ń ṣọ́ ẹyin, ó bọ́gbọ́n mu láti gbà pé baba ńlá wọn náà ṣọ́ ọ, tó fi dórí Suchomimus.

Ẹ̀rí kan wà tó ju ìfiwéra lọ. Ní ọdún 1923, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wa ilẹ̀ ní Mongolia rí egungun dáínósọ̀ kan lórí ẹyin. Wọ́n rò pé ẹyin ẹlòmíì ló wá jí jẹ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Oviraptor, olè ẹyin. Ní ọdún 1993 ni ikọ̀ Mark Norell rí ọmọ inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀: ìbátan Oviraptor ni. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n rí àgbà kan tó kú lórí ìtẹ́, tó na apá méjèèjì bo ẹyin. Nǹkan bí 70 ọdún ni wọ́n fi pe òbí ní olè, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní.

Ìyá ni àbí bàbá? Varricchio, ẹni tó rí èékánná ní Niger, ló darí ìwádìí tó gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 2008. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iye ẹyin inú ìtẹ́ dáínósọ̀ mẹ́ta, Oviraptor, Citipati àti Troodon, wé ti ẹyẹ àti ọ̀nì tó lé ní 400 oríṣi. Ẹyin náà pọ̀ gan-an ju bí ara òbí ti mọ lọ, irú èyí tí à ń rí níbi tí akọ nìkan ti ń sàba. Wọ́n tún yẹ inú egungun àwọn tó kú sórí ìtẹ́ wò. Àmì tí yíyé ẹyin máa ń fi sínú egungun abo ẹyẹ kò sí níbẹ̀. Akọ ògòǹgò náà kúkú ń sàba lóru títí di òní. Àmọ́ kò jọ pé ẹranko tó wúwo ní tọ́ọ̀nù bíi Suchomimus lè jókòó lé ẹyin láìfọ́ ọ. Ti ọ̀nì ló ṣeé ṣe kó bá a mu jù.

Ní ti ìṣọdẹ, fíìmù Jurassic Park ti ọdún 1993 ló gbin èrò pé àwọn dáínósọ̀ ajẹran ń dọdẹ lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ìkookò sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ John Ostrom ti Yunifásítì Yale ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fún dáínósọ̀ ajẹran kan ní orúkọ Deinonychus ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí wọ́n rí egungun rẹ̀ mélòó kan pọ̀ nítòsí ẹran ńlá tí wọ́n jẹ ní Montana. Ní ọdún 2007, Brian Roach àti Daniel Brinkman ta ko ọ̀rọ̀ náà: awọ́nríwọ́n ńlá erékùṣù Komodo náà ń péjọ sórí òkú ẹran, síbẹ̀ jíjà ni wọ́n ń jà lórí rẹ̀, èyí tó lágbára a sì máa pa èyí tó kéré jẹ. Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti fíìmù lọ.

Eyín tún tì í lẹ́yìn ní ọdún 2020. Joseph Frederickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èròjà inú eyín Deinonychus kékeré àti ńlá wò, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ wọn kò dọ́gba. Níbi tí òbí bá ti ń pẹran bọ́ ọmọ, oúnjẹ wọn á jọra. Ó jọ pé ọmọ Deinonychus tètè ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, bí ọmọ ọ̀nì tó ń jẹ kòkòrò àti àkèré fún ọdún mélòó kan kó tó dẹni tó ń pa ẹran ńlá.